Bàbá Òkè àti Owú Ọjọ́ Sátidé

Nígbà tí a sin Bàbá Òkè tán, Délé àbúrò mi tó ń gbé Ìbàdàn ní kí n kọ ohun tí mo bá rántí nípa wọn sílẹ̀, kí wọ́n lè fi í sínú ìwé kékeré tí a óo pín níbi ìsìn ìrántí. Mo ní ìwé kẹrin péré ni mo kà dé. Ó ní, "Àǹtí mi, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ni kí ẹ ṣe kọ ọ́." Ìwé kékeré náà ti jáde, wọ́n ti pín in tán, kí n tó kọ dé ìdajì. Èmi kì í kánjú. Ohun tí mo kọ nìyí, ẹni tó bá rí i kó kà á.

Délé tún ní kí n má gbàgbé àpótí ìjókòó. Àpótí yẹn ni gbogbo ìlú wa Ìgbólé mọ̀ mọ́ Bàbá Òkè. Ẹbí ti pinnu nígbà náà pé a óo gbé e fún ṣọ́ọ̀ṣì, kí alùfáà máa jókòó lé e nínú yàrá tí wọ́n ti ń wọ aṣọ ìsìn, kí wọ́n sì fín orúkọ bàbá sí i lára. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní ó dára. Èmi nìkan ni inú mi kò dùn, nítorí pé èmi ni mo ṣe àpótí náà.

Àmọ́ kò yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ owú Bàbá Òkè kò mọ Bàbá Òkè.

Bàbá ìyá mi ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo padà sí nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ mi ti kó lọ sí Èkó. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, wọn kì í ṣe káfíńtà. Káfíńtà a máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Bàbá kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Bí wọ́n bá ti oko dé, wọn óo wẹ ẹsẹ̀, wọn óo fi pẹ́ńsù há etí, wọn óo bọ́ sábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́yìn ilé, wọn óo bẹ̀rẹ̀ sí fá pákó. Pẹ́ńsù yẹn kì í kúrò létí wọn. Wọ́n ti gbé e dé iwájú pẹpẹ, wọ́n gba oúnjẹ Olúwa pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì gbé e padà wálé.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ wọn. Bàbá Tísà, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, yóò gun ọ̀kadà wá láti Ìlógbò. Bàbá Dírẹ́bà, tó wa ọkọ̀ akẹ́rù nígbà ayé rẹ̀, yóò fẹsẹ̀ rìn wá láti ilé kejì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò kọ́ṣẹ́ igi lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Kálukú yóò gbé ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ náà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ òrùlé tó ń jò lo tún ṣe, tí kò ṣe é gbé, wàá ṣàlàyé ibi tí omi ń gbà wọlé àti bí o ṣe dí i. Wọn kì í tètè yin ara wọn. Wọn óo kọ́kọ́ dojú nǹkan náà délẹ̀, wọn óo wo ìdí rẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé omi àti ìpékeré lọ fún wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó.

Mo bi bàbá lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí wọn kì í ta ohun tí wọ́n ń ṣe, tí ọjà Ìfàkì kò sì jìnnà. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń tà á, oníbàárà ló ń bẹ̀rù. Àwa, ara wa là ń bẹ̀rù."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní Sátidé kan, Bàbá Tísà gbé tábìlì kékeré kan wá, igi ọ̀gànwó, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó fẹ́ fò. Bàbá dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa abẹ́ rẹ̀, wọ́n fi èékánná wá ojú ìsopọ̀, wọ́n tún un gbé dúró. Nígbà tí mo gbé iyán fún wọn lálẹ́, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ara yín yá?"

"Ara mi yá."

"Ọbẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò dùn ni?"

Iyán náà tutù. Wọ́n wá ní, "Tábìlì náà dára. Mo wá ibi tó ti bàjẹ́, n kò rí i. Ṣé ohun tí ọ̀rẹ́ ń ṣe sí ọ̀rẹ́ nìyẹn?"

Lẹ́yìn tábìlì yìí ni wọ́n pinnu pé àwọn náà óo ṣe ohun tí Tísà kò ní lè sùn bó bá rí i. Kọ́bọ́ọ̀dù ni. Kí Tísà má baà rí i kó tó parí, wọn kò ṣe é lábẹ́ àtíbàbà. Inú yàrá ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ń kó pákó wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Bí àwọn ọ̀rẹ́ wọn bá bi wọ́n lọ́jọ́ Sátidé pé kí ni wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ náà, wọn óo ní àwọn sinmi. Bàbá Tísà a máa wò wọ́n lójú. Bàbá Òkè kì í ṣe ẹni tí í sinmi.

Ọjọ́ tí kọ́bọ́ọ̀dù parí, èmi àti Bàbá Dírẹ́bà ni a bá wọn gbé e kó tó di pé Tísà dé. Kò gba ẹnu ọ̀nà. A dá a dùbúlẹ̀, kò gbà. A gbé e ní ìfẹ̀gbẹ́, kò gbà. Bàbá fúnra wọn ló ṣe férémù ẹnu ọ̀nà yẹn o. Kò sí ẹni tó mọ bó ṣe fẹ̀ tó jù wọ́n lọ. Owú ni kò jẹ́ kí wọ́n rántí láti wọ̀n ọ́n.

Ibi tí a ti ń làágùn ni Bàbá Tísà dé bá wa. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀.

"Bàbá Òkè, ẹ kú uṣẹ́ o. N kò mọ̀ pé ẹ ti gba ayálégbé. Ṣé ó ti kọ̀, kò kó jáde ni?"

Bàbá Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọn eruku pákó kúrò láṣọ, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé a fẹ́ kí ó jáde? Inú ulé ni kọ́bọ́ọ̀dù ń gbé."

Ó sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ìṣó tó bá wọ́, tí ẹlòmíràn sọ nù lójú ọ̀nà, bàbá a máa ṣà á. Wọn óo jókòó lórí òkúta pẹlẹbẹ kan, wọn óo máa fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi nà. Bí mo bá ní kí wọ́n jẹ́ kí a ra tuntun, wọn óo ní, "Èyí tó ti wọ́ rí ti mọ bí igi ṣe le tó." Bí ọmọ àdúgbò bá mú ẹsẹ̀ àga tó kán wá, wọn óo tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí ojú mìíràn lọ́dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ẹlòmíràn ló tún un ṣe.

Èmi náà gbọ́ tèmi. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa ń wọ́lẹ̀. Bí mo bá fẹ́ jáde lọ pọn omi, ó di kí n fi èjìká gbé e. Mo ń sọ ọ́ fún bàbá láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ọjọ́ kan tí wọ́n lọ sóko, mo tú u. Mo fá ìdí rẹ̀ díẹ̀, mo gbé irin tó dì í mú lókè kúrò níbi tí igi ti jẹrà, mo kàn án mọ́ ibi tó le. Ilẹ̀kùn náà ń ṣí bí ojú ìwé. Nígbà tí bàbá dé, wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé. Wọ́n tún ṣí i, wọ́n tún pa á dé. Wọ́n wọlé lọ sùn. Ní òwúrọ̀, òòlù ló jí mi. Wọ́n ti tú ilẹ̀kùn náà, wọ́n ń kàn án padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ó mà tún ń wọ́lẹ̀."

Wọn kò wẹ̀yìn. "Bí ulẹ̀kùn ulé mi óo bá bàjẹ́, èmi ni kí ó bàjẹ́ sí lọ́wọ́."

Mo bínú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo yé wọn, wọ́n sì yé mi. Nínú gbogbo ọmọ ọmọ wọn, èmi ni mo jogún ọwọ́ wọn, èmi náà ni mo jogún owú wọn.

Àgbà dé sí bàbá gan-an, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ohun tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn ni bẹ́ńṣì gígùn kan. Ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrú ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n gbé e dúró sẹ́yìn àtíbàbà, wọ́n ti ojú rẹ̀ mọ́ ògiri, wọn kò fi han ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, bí Sátidé bá pé, tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn gbé tiwọn sílẹ̀, bàbá a ní, "Mo ń ro nǹkan kan lọ́wọ́." Tísà a mi orí. Dírẹ́bà a mi orí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọn óo tún ní àwọn ń ro nǹkan kan lọ́wọ́.

Àsìkò yẹn ni mo ṣe àpótí tèmi. N kò ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ ohun tí n óo máa jókòó lé bí mo bá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lára igi gúáfà, mo gbé wọn sórí àjà tó wà lókè ààrò nílé ìdáná, níbi tí a ti ń se epo, kí wọ́n gbẹ dáadáa. Èèkù ọkọ́ ló kọ́ mi: èyí tí kò bá kọ́kọ́ gbẹ lórí àjà, kò ní pẹ́ kó tó tú. Ìjókòó rẹ̀ ńkọ́, pákó tó ṣì tutù ni mo lò, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Mo gbẹ́ ihò sí i, mo ki ẹsẹ̀ gbígbẹ bọ̀ ọ́. Bí pákó tútù náà ṣe ń gbẹ ló ń fún ẹsẹ̀ mọ́ra. Kò sí ìṣó kan níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sórí òkúta, kò ní mì.

Bàbá kì í wọ ilé ìdáná. Ìyẹn ló fi yà mí lẹ́nu ní Sátidé kan tí mo wá àpótí mi tí n kò rí i. Mo gbé ìpékeré jáde, ó di abẹ́ àtíbàbà, mo rí i. Ó wà lórí itan Bàbá Tísà, ẹsẹ̀ rẹ̀ dojú kọ ọ̀run. Wọ́n ń fọwọ́ yí i, wọ́n gbé e sún mọ́ imú, mo rò pé ojú ni kò ríran mọ́.

Tísà ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Bàbá gbójú sókè wo páànù. "Ta lẹ tún fẹ́ kí ó ṣe é nínú ulé mi?"

Bàbá Tísà kò jẹ ìpékeré lọ́jọ́ náà. Bàbá Dírẹ́bà ló jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó di àṣálẹ́, bàbá jẹ iyán wọn, wọ́n ní kí n bu sí i.

Owú tó mú mi lábẹ́ àtíbàbà yẹn, kò mú mi bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ mi fẹ́ ìyàwó kejì. Ti ìyàwó kejì, mo bá a gbé, a jọ ń sè, a jọ ń jẹ. Èyí kò ṣe é bá gbé. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń gbé e jáde. Àwọn ará àdúgbò ń wá wò ó. Wọ́n ń sọ pé ẹ wo arúgbó, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo ń gbé omi fún wọn mu.

Mo sọ fún bàbá, "Àpótí mi dà?"

"Ó wà lábẹ́ àtíbàbà."

"Kí wá ni n óo máa jókòó lé?"

Wọ́n ní, "Ṣe òmíràn. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe."

N kò ṣe òmíràn. Mo jókòó sórí ọpọ́n ìfọṣọ tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ọjọ́ kan, nígbà tí wọn kò lè dá ẹsẹ̀ wọn wẹ̀ mọ́, mo ń bá wọn wẹ̀ ẹ́ nínú bàsíà. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, báwo lo ṣe ṣe é tí kò fi mì?"

Mo sọ fún wọn: ẹsẹ̀ gbígbẹ, ìjókòó tútù, àjà ilé ìdáná. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Mo ti ń gbẹ́ igi kí ìyá rẹ tó hu eyín. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi." Owú ni, mo mọ ohùn rẹ̀. Mo wá rò pé àsìkò tí mo lè sọ tèmi nìyẹn.

"Bàbá, ṣé ẹ óo sọ fún wọn pé èmi ni?"

Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn nínú omi. "Bí mo bá sọ fún wọn, tìrẹ ni wọn óo wá máa wò ní Sátidé. Èmi wá ńkọ́?"

Mo nu ẹsẹ̀ wọn, mo fi òrí pa á. Kó tó di pé ọdún yí po ni wọ́n lọ, lórí ibùsùn wọn, ní ọ̀sán, pẹ́ńsù létí.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àpótí náà óo bá wọn lọ. Ńṣe ló gbèrú. Níbi ìsìnkú, gbogbo ẹnu ló ń sọ ọ́. Àwọn tó wà lókè òkun ní kí a fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Délé ti bá ẹni tó máa fín orúkọ sọ̀rọ̀. Mo sọ fún ara mi pé òkú ni wọ́n, kí n fi í fún wọn. Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ẹnìkan óo tún ní ẹ wo ọwọ́ bàbá, ìdí mi á tún gbóná lórí àga. Bí wọ́n bá fín orúkọ náà, ó parí nìyẹn. Igi tí wọ́n ti fín kì í gbàgbé.

Sátidé tó ṣáájú ìsìn ìrántí, Délé gbé àpótí náà wá sábẹ́ àtíbàbà kí Bàbá Tísà àti Bàbá Dírẹ́bà lè sọ ibi tó yẹ kí orúkọ wà. Mo gbé ìpékeré kalẹ̀. N kò padà sínú ilé. Mo ní, "Kì í ṣe bàbá ló ṣe é. Èmi ni."

Délé ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ òkú lèyí."

Bàbá Tísà ní, "Fi ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀. Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?" Bàbá Dírẹ́bà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Èmi ò mọ̀ o. Ta ló sọ fún yín?"

"Imú mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rùn èéfín títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Ìgbà wo ni Bàbá Òkè wọ ilé ìdáná rí tí yóò fi mọ àjà?"

Bàbá Dírẹ́bà gbé àpótí náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. "Ẹ ò sì sọ fún mi. Gbogbo Sátidé tí mo fi ń jowú òkú yìí."

Mo bi Bàbá Tísà pé kí ló dé tí wọ́n fi dákẹ́. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọn kò nù ún. Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ mi kò ní ohun tó lè gbé sílẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ kí n máa jowú rẹ̀ ju kí n máa káàánú rẹ̀ lọ. Ìwọ ni a fi ẹ̀tọ́ rẹ dù, mo mọ̀."

Délé wá ní, "Ó dáa. Ṣé kí a wá fín orúkọ Àǹtí mi sí i ni?"

Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo wo àpótí náà. Mo wò ó pé n óo máa rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú orúkọ mi, níbi ìrántí bàbá mi. Àwọn tó bá kà á óo béèrè pé ti Bàbá Òkè wá dà. Mo gbọ́ ohùn bàbá létí mi bí ẹni pé wọ́n jókòó síbẹ̀: èmi wá ńkọ́?

Mo ní, "Àpótí mi ń padà sí ilé ìdáná. Kí ẹnikẹ́ni má fín nǹkan kan sí i. Bẹ́ńṣì tó wà lẹ́yìn àtíbàbà ni kí ẹ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Délé lọ wò ó, ó padà wá. "Àǹtí mi, bẹ́ńṣì yẹn ń mì."

Mo ní, "Ó ń mì. Bàbá ló ṣe é."

Bàbá Tísà ló kọ́kọ́ dìde lọ di orí kan rẹ̀ mú.

Bẹ́ńṣì náà wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá aṣọ ìsìn báyìí, orúkọ bàbá wà lára rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá jókòó sí i, yóò tẹ̀ sí apá òsì. Alùfáà ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo mọ iṣẹ́ igi, wọ́n ní ẹsẹ̀ kan péré ló kúrú, kò lè ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Pákó tí yóò bá a mu wà nílé. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa jókòó jẹ́jẹ́.